Asálà, Ìtàkùn Tí A Kì Í Fà Lulẹ̀

Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi, ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ náà ni asálà fi ń gun tirẹ̀. Ìtàkùn ni asálà, tí àwọn mìíràn ń pè ní awùsá. Ilẹ̀ igbó ni ibùgbé rẹ̀, láti apá Tógò àti Benin, gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá, títí dé Kamẹrúùnù àti Kóńgò. Kò sẹ́ni tó gbé e fún wa láti òkè òkun bí wọ́n ti gbé ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti kòkó wá. Inú igbó wa níbí ló ti hù. Plukenetia conophora ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é báyìí, Tetracarpidium conophorum sì ni àwọn ìwé àtijọ́ kọ, nítorí náà ẹni tó bá ń wá a nínú ìwé yóò pàdé orúkọ méjèèjì. Mọ̀lẹ́bí ẹ̀gẹ́, rọ́bà àti lárà ni. Èso igi kan wà tí wọ́n ń kó wọlé láti ilẹ̀ òkèèrè nínú ike, tí àwọn ará ìlú ńlá ń pè ní asálà òyìnbó. Kò bá asálà wa tan rárá.

Bí asálà bá rí igi tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè gùn ún tó mítà 10 sí 20. Ewé rẹ̀ fẹ̀ nídìí, ó ṣe ṣóńṣó lórí, etí rẹ̀ sì ní eyín wẹ́wẹ́. Òdòdó rẹ̀ kì í ṣe òdòdó tí èèyàn ń dúró wò. Ó kéré, funfun rẹ̀ fẹ́ jọ àwọ̀ ewé, ara ṣùkù tóóró kan ló sì ti ń yọ. Akọ òdòdó ló pọ̀ lára ṣùkù náà. Abo rẹ̀ kò ju ọ̀kan tàbí díẹ̀ lọ, nídìí ló sì máa ń wà. Akọ àti abo jọ ń gbé lórí ìtàkùn kan náà, kò rí bí ti ìbẹ́pẹ tí akọ ń dá dúró, tí abo ń dá dúró. Ibi tí abo òdòdó yẹn wà ni èso ń gbà yọ. Èso náà ní igun mẹ́rin, ìyẹ́ pẹlẹbẹ kan sì yọ ní igun kọ̀ọ̀kan; nínú rẹ̀ ni ọmọ asálà mẹ́rin máa ń wà ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kálukú nínú èèpo tirẹ̀.

Ohun tí a bá gbìn la ó ká. Ẹni tó fẹ́ gbin asálà kò gbọdọ̀ lọ sí ọjà lọ ra èyí tó ti gbẹ lórí àtẹ, tí kò mọ ọjọ́ tó kúrò lóko. Òróró pọ̀ nínú ọmọ asálà, ohun tí òróró bá sì pọ̀ nínú rẹ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́. Bó bá gbẹ jù, kì í hù mọ́. Èyí tó já fúnra rẹ̀ lábẹ́ ìtàkùn tó ń so dáadáa ni kó ṣà, kó bó o, kó fọ̀ ọ́, kó dà á sínú omi. Èyí tó bá léfòó, kó kó o dànù. Àwọn kan ń gbìn ín sínú ọ̀rá dúdú tí wọ́n bu ilẹ̀dú sí, lábẹ́ ibòji, àwọn mìíràn ń gbìn ín tààrà sí ìdí igi. Méjèèjì ló dára, bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ dáadáa, láàárín oṣù Kẹrin sí Ìkẹfà. Kò gbọdọ̀ jìn ju ìwọ̀n ìka méjì lọ nínú ilẹ̀, èèyàn sì ní láti mú sùúrù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó yọjú.

Igi tí yóò gùn ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀ jù. Igi tí a fẹ̀yìn tì tí kò gbani dúró, bó bá wó luni, kò lè pani. Igi tí asálà fẹ̀yìn tì tí kò gbà á dúró, pípa ni yóò pa á. Obì ni àwọn àgbẹ̀ wa fẹ́ràn jù, ìbáà ṣe àbàtà tàbí gbàǹja, nítorí pé ẹ̀ka rẹ̀ pọ̀, ó le, ó sì ń pẹ́ láyé. Ìrókò dára, apá dára, agbálùmọ̀ náà dára. Igi tí kò lágbára, irú ìbẹ́pẹ, kò lè gbé e. Ọ̀pẹ kò yẹ é, nítorí ẹni tó ń fi igbà gun ọ̀pẹ yóò bínú gé e lọ́jọ́ kan. Kòkó gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì mú. Lóòótọ́, inú oko kòkó ni asálà pọ̀ sí ní apá Oǹdó, Iléṣà àti Ifẹ̀, ṣùgbọ́n igi ńláńlá tó ń ṣíji bo kòkó ló ń gùn níbẹ̀. Bó bá gun kòkó fúnra rẹ̀, yóò bò ó mọ́lẹ̀, àgbẹ̀ yóò sì pàdánù méjèèjì.

Kí a má gbìn ín mọ́ ìdí igi tímọ́tímọ́. Ìwọ̀n ìṣísẹ̀ méjì sí i ló tọ́, kí gbòǹgbò rẹ̀ lè rí ilẹ̀ tirẹ̀ jẹ. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni a óò fi tì láti ìdí rẹ̀ dé ara igi ńlá, òun ni yóò fi mọ ọ̀nà. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti kan igi, iṣẹ́ ẹni tó gbìn ín kù díẹ̀: ká fi ọwọ́ fa koríko ìdí rẹ̀ tu, ká kó ewé gbígbẹ tì í nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ká bu ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà sí i bó bá wà. Àdá àwọn alágbàṣe ni kò yẹ kó dé ibẹ̀. Ìtàkùn asálà tó jẹ́ ọmọ ọdún kan kò ju ọmọńdinrín lọ ní sísanra. Alágbàṣe tó ń kánjú àtiparí iṣẹ́ kò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ìtàkùn lásán, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò fẹ́ àdá sí i. Nítorí èyí ni àwọn àgbà fi ń gún igi mẹ́ta yí i ká, kí ojú lè rí i.

Lẹ́yìn ọdún méjì sí mẹ́ta, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń tanná. Ẹ̀ẹ̀rùn ló sábà máa ń tanná, èso rẹ̀ á máa dàgbà bọ̀ wá sínú òjò, nígbà tó bá sì di nǹkan bí oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án, asálà dé ọjà. Kì í gbó lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó gbó, èyí tó ń gbó lọ àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tóbi lè wà lórí ìtàkùn kan ṣoṣo ní ọjọ́ kan náà, ìdí sì nìyí tí àkókò ìṣà rẹ̀ fi ń gùn tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹni tó bá gbàgbé èyí, kò lè mọ ohun tó burú nínú àṣà tó gbòde kan báyìí.

Ṣíṣà ni a ń ṣa asálà, a kì í ká a. Bí èso náà bá gbó, àwọ̀ ewé ara rẹ̀ á ṣú, á dúdú, ọrùn rẹ̀ á rọ, á sì já lulẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Bó pẹ́ bó yá, asálà á já. Ohun tó jẹ́ ojúṣe olóko ni kó ro abẹ́ igi náà, kó gbá a, kó tó di ìgbà tí èso ń já. Láàárọ̀ kùtùkùtù, kí ọ̀kẹ́rẹ́ àti òkété tó pín in tán, ìyàwó àti ọmọ á gbé apẹ̀rẹ̀ dé ibẹ̀, wọn á ṣa èyí tó já lóru. Ọ̀la wọn á tún padà. Iṣẹ́ tí kò le ni, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ẹni tó lè dúró de nǹkan.

Ohun tí ojú ń rí lónìí kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣòwò ń wọ oko ní oṣù Kẹrin àti Ìkarùn-ún, wọ́n ń ra asálà lórí igi. Wọ́n á wò ó láti ìsàlẹ̀, wọ́n á dá iye lé e, wọ́n á sanwó, èso ọdún náà sì ti di tiwọn. Títà lórí igi fúnra rẹ̀ kò burú. Wọ́n ń ta obì bẹ́ẹ̀, wọ́n ń ta ọsàn bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ti sanwó kò fẹ́ dúró de oṣù Kẹsàn-án mọ́. Asálà tó kọ́kọ́ dé ọjà ló ń pa owó gidi, nítorí náà yóò kó àwọn ọmọkùnrin wá pẹ̀lú ọ̀pá gígùn tí wọ́n de dòjé mọ́ lórí. Ibi tí dòjé ò bá tó, wọ́n á di ìtàkùn náà mú, ẹni mẹ́ta, ẹni mẹ́rin, wọ́n á máa fà á, "Ó yá! Ó yá!" títí ìtàkùn á fi já bọ́ láti òkè, tòun ti ewé, tòun ti ẹ̀ka obì tó wé mọ́.

Ó ṣẹlẹ̀ ní oko opó kan lójú ọ̀nà Oǹdó sí Ọ̀rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló gbin asálà náà sí ìdí obì nígbà ayé rẹ̀, ọdọọdún ni obìnrin náà sì ń ṣà á, èyí tó bá ṣà ló fi ń ra ìwé fún àwọn ọmọ bí ilé ẹ̀kọ́ bá fẹ́ wọlé. Lọ́dún kan, oníṣòwò kan wá bá a, obìnrin náà sì gba owó orí igi lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá ká a, ìyá náà gbọ́ ariwo, ó sáré jáde.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, kò tíì gbó! Ẹ jẹ́ kó já fúnra rẹ̀."

Oníṣòwò náà kúnlẹ̀ kí i dáadáa, ó ní, "Ẹ má bínú, Ìyá. Bí a bá dúró dè é, àwọn tó wà ní Ọ̀rẹ̀ á ti tà tán kí tiwa tó dé ọjà. Ẹ sì ti gba owó yín, mà."

Ẹnu ìyá wọ tì. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó mú ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n fi sílẹ̀, ó fi òkúta fọ́ ọ. Èèpo inú rẹ̀ ṣì rọ̀, omi tó funfun ló tú jáde, ẹran inú rẹ̀ kò tíì dì. Òkè obì ti ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹ̀ka méjì ló ṣẹ́ lára rẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìtàkùn náà rú ewé láti ìdí, kò so ẹyọ kan. Oníṣòwò kò sì yọjú.

Ohun tó fà á tí kò fi so kò ṣòro láti mọ̀. Ara ẹ̀ka tó ti gbó lókè, níbi tí oòrùn ti ń bà á, ni asálà ń tanná sí. Bí wọ́n bá fa ẹ̀ka wọ̀nyí lulẹ̀, ìtàkùn ní láti tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kó gun igi padà, kó tó ronú àtiso. Ibi tó ti ya ń di ojú ọgbẹ́, òjò ń wọ̀ ọ́, ó ń jẹrà, nígbà mìíràn ìjẹrà náà á bá a dé ìdí. Èyí tó ṣì kéré lórí rẹ̀, tí ì bá gbó ní oṣù Kẹjọ, ti bá ti oṣù Kẹfà lọ. Ẹni ń wá ìfà ń wá òfò. Owó tí wọ́n rí lórí asálà àìgbó ní oṣù Karùn-ún, wọ́n ti fi asálà gbígbó oṣù mẹ́ta san án, wọ́n sì tún fi ti ọdún méjì sí i dúró.

Ọjà náà kò gbẹ́yìn nínú ìyà rẹ̀. Asálà àìgbó kì í ṣe é tà lóun nìkan, nítorí náà wọ́n ń pò ó mọ́ èyí tó gbó, wọ́n á jọ sè é, wọ́n á dì í sínú ọ̀rá. Àwọn èrò inú mọ́tò tó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ló ń rà á jù, ẹni tó jókòó sínú mọ́tò kì í sì lè padà wá jà. Ọmọkùnrin kan tó ń gba ọ̀nà náà lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ rí i ṣe. Ó ní, "Ìyá aláwùsá, èyí tí ẹ tà fún mi lánàá, ìdajì ẹ̀ ló rọ pìtìpìtì." Ìyá náà wo ojú rẹ̀, ó bu mẹ́rin kún tirẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, má bínú. Bí mo ṣe rà á náà nìyẹn." Òótọ́ ló sọ. Èèpo asálà kì í sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó ń rà, pàápàá bí wọ́n bá ti sè é tó ti dúdú. Ẹni tó wà lábẹ́ igi nìkan ló mọ̀ bóyá ó já ni, tàbí wọ́n fà á.

Àìlèdúró yìí ti wọ ibi gbogbo. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò gbó, wọ́n á fi kábáàdì sí i kó lè pọ́n lójú, inú rẹ̀ á sì le koko. Epo pupa tí kò pupa tó, wọ́n á wá àwọ̀ pò mọ́ ọn. Ọmọ tó lọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ fẹ́ gba ìyọ̀ǹda kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń pọ́n irin iṣẹ́, òbí rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ ra ẹran àti aṣọ ẹbí ọjọ́ ìyọ̀ǹda náà. Ilé ń wó lu àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ nítorí pé ẹni tó kọ́ ọ kò jẹ́ kí kọnkéré gbẹ kó tó gbé àjà kejì lé e. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, ìkánjú náà ni gbogbo ayé sì fi ń lá a báyìí, ẹnu ń bó, wọn ò dáwọ́ dúró. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ju oko lọ, ṣùgbọ́n ti asálà là ń sọ.

Àwọn ẹbí kan ti rí ọ̀nà gbé e gbà. Wọn kì í tà á lórí igi mọ́. Kóńgò ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n fún oníṣòwò, èyí tó bá já láàárín ọ̀sẹ̀ ni yóò rà, iye tó bá wà lọ́jà lọ́jọ́ náà ni yóò san. Oníṣòwò ń kùn, ṣùgbọ́n ó ń padà wá, torí pé kò sí omi nínú asálà wọn. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n fi lélẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé: dòjé kì í dé abẹ́ obì tí asálà bá wà lórí rẹ̀. Bí ìtàkùn náà bá wúwo jù, tó fẹ́ bo obì pa, lẹ́yìn tí èso ọdún bá tán ni àgbàlagbà kan á gun òkè lọ gé díẹ̀ kúrò lára rẹ̀, èyí tó gbẹ àti èyí tó bo orí obì. Kì í fà á.

Ewu kejì kò sí lọ́wọ́ oníṣòwò asálà. Òwe ní ìtàkùn tó ní kí erin má gòkè odò, tòun terin ni yóò jọ lọ. Asálà kò dí erin lọ́nà, síbẹ̀ bí àwọn onígẹdú bá dé ìdí ìrókò, tòun ti ìrókò ni wọ́n jọ ń lọ. Ẹni tó bá ta igi gẹdú tó ní asálà lórí, kó mọ̀ pé nǹkan méjì lòun tà, kó sì gba owó méjì. Obì kì í ṣe gẹdú, ìdí mìíràn nìyẹn tí àwọn àgbà fi yàn án.

Èso tí a bá ṣà dé ilé, a óò kó o jọ sábẹ́ ibòji, a óò fi ewé bò ó fún ọjọ́ díẹ̀. Ara òde rẹ̀ á jẹrà, á di dúdú, ọmọ inú rẹ̀ á sì yọ pẹ̀lú ọwọ́ láìfi àdá là á. Omi púpọ̀ ni a fi ń fọ̀ ọ́, nítorí èyí tí ìjẹrà náà bá kù lára rẹ̀ ń tètè hu. Lẹ́yìn náà ni a óò sá a fẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí afẹ́fẹ́ wà.

A kì í jẹ asálà ní tútù. Ó korò. Sísè tàbí sísun ni. Àwọn tó ń sè é máa ń bu iyọ̀ sí omi rẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó hó dáadáa tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tòun ti èèpo. Èèpo náà fẹ́lẹ́, eyín lè fọ́ ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí eyín wọn ti ń yẹ̀ ń fẹ́ òkúta. Ẹran inú rẹ̀ funfun, ó pín sí méjì. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ tó wá mu omi lé e, omi náà á korò lẹ́nu rẹ̀. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́, bó ṣe rí nìyẹn. Bí ìlàjì rẹ̀ ni òróró, òróró náà sì jẹ́ irú èyí tó ń gbẹ lára nǹkan bí èyí tí wọ́n fi ń po ọ̀dà. Àwọn obìnrin tó ń wá ọmọ pẹ̀lú ń jẹ ẹ́, torí ohun tí àwọn ìyá àgbà sọ nípa rẹ̀.

Èyí tí a sè kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kó tó tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò yọ̀, yóò sì hu. Èyí tí a sun ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tútù rẹ̀ nínú èèpo lè lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan níbi tó tutù tí kò rin, nínú apẹ̀rẹ̀, kì í ṣe nínú ọ̀rá. Apẹ̀rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ní ìdérí tó wúwo, nítorí bó bá di ti asálà, eku ilé kò yàtọ̀ sí òkété oko.